Ta Ló Kọ́ Bíríkìlà Tí Yóò Kọ́lé Yín?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. A ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, a ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, a sì ń gbọ́ ọ ní ilé olóògbé nígbà tí ogún bá di ìjà, tí ọmọ kan bá ń wá ẹni tí yóò ra yàrá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a máa ń fi òwe náà sọ ni pé kí òbí má kó gbogbo owó lé ilé lórí kó wá gbàgbé ọmọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa á máa ń rò pé ọmọ tí a bí nìkan ló ń bá wí. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ọmọ ni. Ọmọ iṣẹ́ là ń pè é. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, òun ló ń bá a wí, òun ni wọ́n sì ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn bó bá ba nǹkan jẹ́ níta. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà, tí wọn kò kọ́ ọ yé, tó wá lọ gba iṣẹ́ ilé, kò ní dúró di ìgbà tí onílé bá kú kó tó gbé ilé náà tà. Láti ìpìlẹ̀ ni yóò ti máa tà á díẹ̀díẹ̀: àpò símẹ́ǹtì méjì lónìí, irin mẹ́ta lọ́la, omi tí kò bu wọ́n pìlá lọ́túnla. Ilé tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò pé ti di títà kí ẹni tó ni ín tó sun oorun àkọ́kọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ bá ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí bíríkìlà tó ṣeé fọkàn tán, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣáájú iye owó, kí wọ́n fi ṣáájú iye oṣù tí iṣẹ́ yóò gbà. Ta ló kọ́ ọ?

Ọ̀ràn náà kò kéré lágbègbè wa. Láti Ìpèlé dé Ẹ̀mùrè-Ilé, láti Ìfọ́n tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ dé Ìdóàní àti Ìmẹ̀rí, bóyá la fi lè rí ọmọ ìlú tó jáde lọ wá owó tí kò ní in lọ́kàn láti kọ́lé sílé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà l'Ákùúrẹ́, oníṣòwò tó wà l'Ékòó, nọ́ọ̀sì tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àgbẹ̀ kòkó tó ń gbé oko, gbogbo wọn ló ń tọ́jú owó nítorí ilé. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti gba àlejò nígbà ìnáwó, ibẹ̀ ni wọn yóò padà sí nígbà tí iṣẹ́ bá tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó jáde láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, tàbí èyí tó gba Ìfọ́n kọjá lọ sí Bìní, ẹ ó rí ilé tó dúró sí líńtẹ̀ẹ̀lì, tí koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Owó ló tán lórí àwọn kan. Àwọn mìíràn, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ló bà á jẹ́.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ irú ìyọnu yìí, ó sì yẹ ká wádìí ohun tó fà á. Ààfin Ọlọ́wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ti kà mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní àgbàlá tó tó 100 láyé àtijọ́. Ugha ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n ń fi ṣe àti òrìṣà tirẹ̀. Wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan, wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ti àwọn mìíràn, wọ́n sì gbẹ́ ère ọba lórí ẹṣin sára òpó tó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. G. J. Afọlábí Òjó, tó kọ ìwé lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá ní 1966, ka ti Ọ̀wọ̀ sí èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ tó tó báyìí kò ṣeé ṣe láìsí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, àwọn ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílùú.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé amọ̀ ló fa èyí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́ ọ, nígbà tí iṣẹ́ oko ti dínkù, tí òjò kò sì ní fọ ògiri tútù. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, ìpele kan á gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú gbé ìpele kejì lé èyí tí kò tíì gbẹ, ògiri rẹ̀ á tẹ̀, gbogbo agboolé á sì rí i. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń rí èèyàn ṣe é. Ẹgbẹ́ á ṣe ti èmi lónìí, èmi náà á wà níbẹ̀ nígbà tó bá kan tiwọn. Tàbí kí ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá bẹ ọ̀wẹ̀, kó gúnyán, kó pèsè ẹmu, kí ẹbí àti àna wá bá a ṣe é. N. A. Fádípẹ̀ ṣàlàyé ètò méjèèjì nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá, èyí tó parí ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1939, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde n'Íbàdàn ní 1970.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ètò yẹn kọjá pé ó dín ìnáwó kù. Gbogbo ọmọkùnrin tó bá fi máa pé ogún ọdún ti tẹ amọ̀ rí, ó ti gbé e rí, ó ti rí ibi tí ògiri ti tẹ̀ àti ìdí tó fi tẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé àti ẹni tí wọ́n ń kọ́ ọ fún, ìmọ̀ kan náà ló wà lórí wọn. Ìrẹ́jẹ kò rí ibi fi ara pa mọ́ sí. Lóde òní, bíríkìlà nìkan ló mọ ohun tó wà nínú pìlá; owó nìkan ni onílé mú wá.

Iṣẹ́ ìkọ́lé di iṣẹ́ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí lẹ́yìn tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó padà bọ̀ láti Bùràsíìlì, dé. Wọ́n mú ọgbọ́n bíríkì, ilé alájà, fèrèsé olórí róbótó àti ọnà ara ògiri bọ̀ wá sí Èkó. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni João Baptista da Costa, tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ṣítta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àwọn ọmọ Èkó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sanusi Aka jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì di ọ̀gá fúnra rẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé àwọn ìlú tó wà nínú lọ́hùn-ún. Owó kòkó ló wá gbé e wọ ọ̀dọ̀ wa: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, tí wọ́n fi páànù bò. Irú rẹ̀ ṣì wà ní Ọ̀wọ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í lé amọ̀ lọ.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà á lo ọdún mẹ́ta, á lo mẹ́rin, àwọn mìíràn á lo márùn-ún. Bàbá rẹ̀ á mú un lọ bá ọ̀gá, wọ́n á kọ ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí i. Ọdún àkọ́kọ́ lè tán kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù: omi ló ń pọn, yanrìn ló ń kù, kọnkéré ló ń pò. Bó ṣe ń po kọnkéré náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó bá yá ni wọ́n á fi okùn ìwọ̀n àti táwẹ̀ẹ̀lì lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá gbòmìnira, ọ̀gá á gbàdúrà fún un lójú ẹgbẹ́, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ọ̀gá wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́, ọ̀gá yẹn ni wọn yóò lọ bá.

Okùn yìí ló ti ń já. Ọmọ tó bá ti po kọnkéré fún oṣù mẹ́fà ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Àwọn mìíràn kúrò lórí iṣẹ́ lọ gun ọ̀kadà, wọ́n padà wá nígbà tí ọ̀kadà bàjẹ́, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kò tíì tó. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Òbí kò fẹ́ fi ọmọ ṣe iṣẹ́ tí yóò máa gbé e jókòó fún ọdún mẹ́rin láìgba owó, àwọn ọ̀gá kan náà sì ń fi ọmọ ṣe lébírà títí ọdún yóò fi pé láìkọ́ ọ ní nǹkan kan. Orílẹ̀-èdè tó bá mọyì ilé kì í fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Ní Jámánì, òfin iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe ní 1953 ṣì ka iṣẹ́ bíríkìlà mọ́ àwọn iṣẹ́ tí èèyàn kò lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gba ìwé ọ̀gá, tàbí kó gba ẹni tó ní in sílé iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta ni ìkọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó máa sọ ti ìdánwò ọ̀gá. Ohun tí wọ́n fi òfin tì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àwa fi àdéhùn, ẹlẹ́rìí àti ìtìjú tì í lẹ́yìn, ó sì ṣiṣẹ́ fún wa nígbà tí a kò tíì pa á tì.

Báwo wá ni a ṣe ń béèrè ẹni tó kọ́ bíríkìlà? A lè bi òun fúnra rẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n kí a má dúró síbẹ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá náà nílé. "Ẹ kú ilé o, bàbá. A fẹ́ gbé iṣẹ́ fún lágbájá, ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti kọ́ṣẹ́." Ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe dáhùn. Ọ̀gá tó bá yangàn nípa ọmọ rẹ̀ á sọ fún yín pé, "Ọmọ mi ni, èmi ni mo fún un ní òmìnira, ilé báyìí-báyìí ló kọ́kọ́ dá kọ́." Èyí tí ọmọ bá sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó parí, yóò rọra sọ pé, "Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀." Ẹni tó bá gbọ́ èyí ti gbọ́ ohun tó wá gbọ́. Bí ọ̀gá bá ti kú, àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ṣì wà láyé, ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà náà sì ń ṣe ìpàdé. Alága wọn mọ ẹni tó ń wá àti ẹni tí wọ́n ti lé. Ohun tí mo sọ yìí kò yọ àjèjì sílẹ̀. A mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ láti Kùtọnu àti Tógò lórúkọ nídìí táìlì àti rírẹ́ ògiri káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn sì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ní ọ̀gá. Ẹni tó mú wọn wọ̀lú wà níbì kan, ilé tí wọ́n ti ṣe sì wà.

Lẹ́yìn ọ̀gá, ilé ló kàn. Gbogbo bíríkìlà ló ní ilé tuntun tó lè mú èèyàn lọ wò, ọ̀dà sì ń bo àṣírí púpọ̀. Èyí tó ti rí òjò ọdún márùn-ún ni kí ẹ béèrè. Ẹ wo igun fèrèsé àti igun ẹnu ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ ni ògiri tí líńtẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ kò dára ti kọ́kọ́ ń sán. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri nínú yàrá: bí ọ̀dà bá ń bó, tí iyọ̀ funfun ń hu jáde, omi ilẹ̀ ló ń gun òkè, èyí sì fi hàn pé wọn kò ṣe dípíísì, ìyẹn ìpele tó ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà, tàbí pé wọn kò ṣe é dáadáa. Ẹ tẹ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ kí ẹ mọ ibi tí omi ń dà sí. Ẹ jókòó ti ìyá onílé, kí ẹ bi í bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣe nígbà tí owó bá pẹ́, àti bóyá ó padà wá nígbà tí wọ́n pè é nítorí ibi tó ń jò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ìyá yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò ní gba ìwé ẹ̀rí èyíkéyìí dípò rẹ̀.

Ẹ sì lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, láìsọ fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Bí kò bá ní ọmọ iṣẹ́ kankan, tó jẹ́ pé lébírà tuntun ló ń kó lójoojúmọ́, kí ara fu yín díẹ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe àlàyé fún ọmọ bí ó ti ń to búlọ́ọ̀kù, tó ń wó ògiri tí ọmọ mọ palẹ̀ tó sì ní kó tún un mọ, ẹni yẹn ni kí ẹ mú. Ohun tó ń kọ́ ọmọ ni yóò ṣe fún yín.

Nígbà tí ẹ bá wá jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í dá iye owó kó tó rí ilẹ̀. Orí àpáta ni Ọ̀wọ̀ àti Ìdóàní wà, ìpìlẹ̀ kì í pẹ́ kan ilẹ̀ líle níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìhà Òkèlúsè ní Ọ̀sẹ̀ yàtọ̀, amọ̀ inú rẹ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bíríkìlà tí kò bá béèrè ibi tí omi òjò ń gbà kọjá lórí ilẹ̀ yín, tí kò béèrè bóyá ẹ máa gbé àjà lé e lọ́jọ́ iwájú, iye owó tó dá fún yín kò ní ìpìlẹ̀.

Onílé náà ní ohun tó yẹ kó mọ̀, nítorí ìmọ̀ tí gbogbo ọmọ agboolé ní nígbà amọ̀ ló yẹ ká tún ní nígbà símẹ́ǹtì. Àpò símẹ́ǹtì kan, bárò yanrìn kan, bárò òkúta wẹ́wẹ́ méjì: èyí ni àpòpọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún pìlá, líńtẹ̀ẹ̀lì àti dẹ́kìn. Láti 2014 ni àjọ SON, tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, ti sọ pé símẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí a fi máa da kọnkéré. Ẹ ka ara àpò kí wọ́n tó já a. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tí àpò kan bá mú jáde kò yẹ kó kọjá 30. Ẹni tó bá ń yọ 45 nínú rẹ̀, yanrìn ló ń tà fún yín. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé orókún, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe fọ́. Irin tí wọ́n pè ní milimítà 12 lọ́jà lè má pé bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní kálípà, kí ó wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Kọnkéré tí wọ́n sì ti dà, omi ló kù tó ń fẹ́. Ọjọ́ méje ó kéré tán ni kí wọ́n fi máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà fi ń wọn agbára rẹ̀. Ibi tí àwọn oníkánjú ti ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ nìyí: wọ́n á da dẹ́kìn lónìí, wọ́n á ti yọ igi abẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé nítorí wọ́n fẹ́ gbé igi náà lọ síbòmíràn.

Ilé alájà kì í ṣe ti bíríkìlà nìkan. Mo fẹ́ kí a gba èyí gbọ́, pàápàá àwa tí a máa ń ní bíríkìlà wa ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́wàá láìsí ẹnjiníà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòyí wó, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ilé ńlá nìyẹn, àwọn tó kọ́ ọ kì í sì í ṣe òtòṣì. Ilé kékeré máa ń wó bákan náà. Ariwo rẹ̀ ni kì í jáde. COREN ti wà láti 1970 láti máa forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, CORBON ti wà láti 1989 fún àwọn kọ́lékọ́lé tó kàwé, orílẹ̀-èdè wa sì ti ní ìwé ìlànà ìkọ́lé láti 2006. Òfin ìbánigbófò ti 2003 tilẹ̀ ti sọ nígbà tirẹ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ láìgba ìbánigbófò fún iṣẹ́ náà. Lágbègbè wa, ẹ lè rí ẹni tó mọ̀wé ìkọ́lé láìlọ jìnnà. Politẹ́kíníìkì Rufus Giwa ti wà ní Ọ̀wọ̀ láti 1979, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ìkọ́lé níbẹ̀. Àwọn tó jáde níbẹ̀ wà nílùú. Owó tí ẹ ó san fún ọ̀kan nínú wọn kó ya àwòrán irin, kó sì wá dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn, kò tó nǹkan lára owó irin fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ètò ìlú kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọmọ tí a kọ́ dáadáa jẹ́. Bí ẹ bá já owó iṣẹ́ bíríkìlà wálẹ̀ títí tí kò fi lè jẹun lára rẹ̀, ara símẹ́ǹtì yín ni yóò ti jẹun. Ẹ san owó tó tọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ san án bí iṣẹ́ ṣe ń lọ: apá kan nígbà tí ìpìlẹ̀ bá jáde nílẹ̀, apá kan ní líńtẹ̀ẹ̀lì, apá kan nígbà tí páànù bá gorí ilé. Owó ọjà àti owó ọwọ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Ó sàn kí ẹ ra ọjà fúnra yín, tàbí kí ẹ rán ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà, kí ẹ sì máa kọ iye àpò tó wọlé àti iye tó kù lálẹ́ sínú ìwé kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, mo mọ̀ pé àbúrò tàbí ìbátan ni ẹ máa ń fi ṣe alámòójútó. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹnì kan náà ṣe alámòójútó, kó tún ṣe olùrajà, kó tún ṣe ẹni tó ń sanwó fún bíríkìlà. Bí bíríkìlà bá sì jẹ́ ẹbí, ẹ kọ ìwé àdéhùn ju bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ fún àjèjì lọ, nítorí ó rọrùn láti pe àjèjì lẹ́jọ́ ju kí ẹ jókòó ti ìyá yín níwájú àwọn àgbà lórí ọ̀rọ̀ irin tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tó kọ́ bíríkìlà náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àṣà onídùúró ni àwọn baba wa fi ń yá owó, òun ni wọ́n fi ń gba ọmọ síṣẹ́, kò sì sí ìdí tí a kò fi lè fi gba bíríkìlà. Ọ̀gá tó ti fọwọ́ sí ìwé á máa yà wá wo iṣẹ́ bó bá ń kọjá lọ sọ́jà, bíríkìlà náà á sì mọ̀ pé ojú tó kọ́ òun ṣì ń wo òun.

Kí ẹ sì dá díẹ̀ dúró nínú owó ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ kó má bàa dà bí ìrẹ́jẹ. Iṣẹ́ ìjọba ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Fún àwa, òjò ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n: kí owó náà wà nílẹ̀ títí oṣù kẹwàá fi parí, kí omi ti na òrùlé, kí ó ti ṣàn yí ìpìlẹ̀ ká, kí a ti rí ibi tó ń jò àti ibi tó sán. Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbà, á tún sọ oṣù tó máa wá gbà á fún yín. Ẹni tó bá ní òun kò lè dúró de òjò, ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà láìgbẹ́.